Kí ẹ tó lanu fún àbùlẹ̀ èrìgì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti rí i

"Ẹ̀gbọ́n, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sí mi lẹ́nu o!"

Bí àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìyẹn nígbà tó pè mí lórí fóònù. Kò kí mi, kò béèrè àlàáfíà. Mo kọ́kọ́ rò pé súyà ló rà lẹ́bàá ọ̀nà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí. Mùsùlùmí ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀ ṣeré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí omi tútù ti ń ta á léyín. Kó ṣáà ti mu omi inú fíríìjì báyìí, eyín iwájú kan nísàlẹ̀ á ta á dé ọpọlọ. Lọ́jọ́ kan tó fẹ́ fi fóònù ya ara rẹ̀, ó rí i pé eyín yẹn ti gùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ló bá gba ilé ìwòsàn eyín aládàáni kan lọ ní Èkó. Dókítà ní eyín kò gùn, èrìgì ló ń sá sẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn á ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún un, àwọn á sì fi àbùlẹ̀ sí i. Wọ́n fi páálí kékeré kan hàn án, wọ́n sọ iye owó, wọ́n dá ọjọ́. Inú bọ́ọ̀sì BRT ló wà tó ń lọ sílé nígbà tó kọ orúkọ tó wà lára páálí náà sínú Google. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é.

Ẹnikẹ́ni kò parọ́ fún un. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kò sọ fún un náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn mí nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ná owó sórí eyín báyìí, ẹ̀rín wa ti di ohun tí à ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Ó yẹ ká mọ ohun tí wọ́n ń fi sí wa lẹ́nu.

Eyín kò gùn, èrìgì ló ń sá

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èrìgì ni ẹran tó yí ìdí eyín ká bí ọrùn ẹ̀wù ṣe yí ọrùn èèyàn ká. Apá eyín tó yọ síta ní ìbòrí funfun kan tó le ju eegun lọ. Gbòǹgbò tó wà lábẹ́ èrìgì kò ní irú ìbòrí bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ rọ̀. Tí èrìgì bá wá sá sẹ́yìn, gbòǹgbò á wà níhòòhò. Ìdí nìyẹn tí omi tútù àti áísìkirimù fi ń ta èèyàn, tí eyín sì fi tètè ń jẹrà níbẹ̀.

Kí ló ń lé èrìgì sá? Àkọ́kọ́ ni ká máa fọ eyín bí ẹni ń fi kànìnkànìn ha ìdí ìkòkò. Àwa kan gbà pé búrọ́ọ̀ṣì tó bá le jù ló mọ́ jù. Irọ́ ni o! Pákò náà kò ní láìfí, orín ata àti pákò Ìjẹ̀bú ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé. Àmọ́ tí ẹ bá ń fi pákò gún èrìgì láràárọ̀, èrìgì á wábi gbà.

Èkejì ni àrùn èrìgì. Ìdọ̀tí á di òkúta sára eyín, èrìgì á wú, á máa ṣẹ̀jẹ̀, eegun tó di eyín mú á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Ti ẹlòmíì, bí Ọlọ́run ṣe dá a ni: èrìgì rẹ̀ fẹ́lẹ́, tàbí eyín rẹ̀ kan yọ síwájú ju àwọn tó kù lọ. Ẹ tún fi sìgá kún un, àti yẹtí tí àwọn ọ̀dọ́ ń lu sí ètè àti ahọ́n, tó ń ha èrìgì ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń to eyín náà lè dá a sílẹ̀, tó bá ti eyín kúrò láàárín eegun tó dì í mú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin: èrìgì tó bá ti lọ kì í hù padà fúnra rẹ̀. Gbogbo àwọn òróró tí wọ́n ń polówó lórí Instagram pé yóò dá èrìgì padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tà á fún ara wọn. Omi iyọ̀ lè tu ẹnu lára, kò lè hu ẹran.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò àbùlẹ̀

Tí èrìgì yín bá sá díẹ̀, tí kò dùn yín, tí kò sì lọ síwájú sí i, ó ṣeé ṣe kí dókítà kàn fọ eyín yín, kí wọ́n ní kí ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, kí ẹ sì máa padà wá kí wọ́n máa wò ó. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ṣe fún eyín tó ń ta èèyàn lè yanjú ìyókù.

Àbùlẹ̀ máa ń wọ ọ̀rọ̀ nígbà tí èrìgì bá ń sá lọ láìdúró, tí ìrora kò lọ, tí gbòǹgbò ti fẹ́ máa jẹrà, tàbí tí ìrísí rẹ̀ ń ba èèyàn nínú jẹ́ débi pé kò lè rẹ́rìn-ín níta. Kì í ṣe ìgbéraga o. Ẹni tó ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín mọ ohun tó ń rí.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣáájú ọ̀rọ̀ àbùlẹ̀: báwo ni eegun àti ẹran tó wà láàárín eyín sí eyín ṣe rí? Lọ́dún 1985, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, P. D. Miller, pín èrìgì tó ń sá sí ọ̀nà 4. Tí ẹran àti eegun àárín eyín bá ṣì wà níbẹ̀ dáadáa, wọ́n lè bo gbòǹgbò náà pátápátá. Tí díẹ̀ bá ti lọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa rí ṣe. Tó bá ti lọ gan-an, kò sí àbùlẹ̀ kankan, ìbáà jẹ́ ti góòlù, tó máa bò ó tán. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé òun á dá gbogbo ẹ̀ padà láìwo èyí, ọjà ló ń tà.

Àbùlẹ̀ látara ẹni

Èyí tó pẹ́ jù nílẹ̀ ni kí wọ́n gé ẹran pẹlẹbẹ lára àjà ẹnu, ìyẹn òkè ẹnu lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì rán an mọ́ ibi tí èrìgì ti sá. Láti àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ó lágbára, ó sì wúlò fún eyín iwájú ìsàlẹ̀ tí èrìgì ibẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù. Àmọ́ ó ní àléébù kan tó kan àwa aláwọ̀ dúdú gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni èrìgì rẹ̀ dúdú, tó sì ń gbé eyín funfun yọ. Àjà ẹnu kì í sábà dúdú tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lẹ ẹran àjà ẹnu mọ́ èrìgì dúdú, á hàn gbangba bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ olómi-osàn bu ṣòkòtò dúdú lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé tí àwọn òyìnbó kọ fún ara wọn, ẹ lè má rí i pé èyí jẹ́ ìṣòro.

Ìyẹn ló mú mi fẹ́ràn èkejì, tí àwọn dókítà ń pè ní connective tissue graft. Laureen Langer àti Burton Langer ló kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1985. Dókítà á la àjà ẹnu bí ẹni la àpò ṣòkòtò, á yọ ẹran tó wà nínú lọ́hùn-ún, á sì rán awọ òkè padà. Ẹran yẹn ni wọ́n máa kì bọ abẹ́ èrìgì, wọn á wá fa èrìgì fúnra rẹ̀ wá sókè láti bò ó. Ẹ̀jẹ̀ á máa bọ́ ọ látòkè, á máa bọ́ ọ látìsàlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tètè mú. Nítorí pé èrìgì yín gan-an ló wà lókè, àwọ̀ yín náà ni ẹ máa rí.

Títí dòní, èyí ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ìyókù. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ: ara yín kò ní kọ̀ ọ́, kò sí ẹ̀rù àrùn ẹlòmíì, kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn níbẹ̀, ẹ kò sì ní ra páálí kankan láti òkè òkun.

Wàhálà rẹ̀ ni pé ojú egbò á di méjì. Ọ̀pọ̀ tó ti ṣe é á sọ fún yín pé àjà ẹnu dun àwọn ju èrìgì lọ, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jinná. Ẹran ibẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹni tí eyín mẹ́fà tàbí mẹ́jọ ń dà láàmú, àjà ẹnu rẹ̀ lè má tó o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí wá nǹkan mìíràn.

Awọ ẹni tó ti kú

Ẹ má sá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. AlloDerm ni orúkọ tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀yà yìí. Awọ èèyàn tó ti kú ni, tí òun tàbí ẹbí rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò fún àrùn bíi HIV àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, wọ́n á fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á sì gbẹ ẹ́. Ó dà bí ilé tí wọ́n kó gbogbo ayálégbé jáde nínú rẹ̀, tó wá ku ògiri àti òrùlé. Tí wọ́n bá fi sábẹ́ èrìgì, sẹ́ẹ̀lì tiyín á kó wọlé, á sì sọ ilé náà di tirẹ̀. Àwọn tí iná jó ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún ní àwọn ọdún 1990 kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn eyín.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọn ò ní fọwọ́ kan àjà ẹnu yín, wọ́n sì lè tọ́jú eyín púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá kan bíbo gbòǹgbò, ó ń sún mọ́ ẹran àjà ẹnu dáadáa, àmọ́ kì í sábà fún èèyàn ní èrìgì líle tó bẹ́ẹ̀. Owó rẹ̀ ga. Àti pé, ká má tan ara wa, Yorùbá ni wá. Ẹlòmíì á gbọ́ "awọ òkú" báyìí, kò ní lè gbé itọ́ mì mọ́. Ẹlòmíì á ní ṣebí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì náà ni wọ́n fà sí òun lára nígbà tí òun bímọ. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn méjèèjì, tí wọ́n bá ṣáà ti mọ̀.

Ti ẹlẹ́dẹ̀

Ibi tí àbúrò wa há sí nìyí. Mucograft àti Fibro-Gide, tí ilé iṣẹ́ Geistlich ní Switzerland ń ṣe, ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti yọ wọ́n. Kọ́lájìn ni, ohun tó ń fún awọ lágbára, tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì sọ di ohun rírọ̀ bíi kànìnkànìn. Emdogain, oje kan tí wọ́n ń pa sára gbòǹgbò nígbà iṣẹ́ abẹ, inú eyín ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni wọ́n ti ń rí i. Kọ́lájìn tí wọ́n ṣe látara màlúù náà wà lọ́jà, nítorí náà ẹ kò lè fojú lásán mọ̀ ọ́n.

Wọ́n ṣiṣẹ́ o. Iṣẹ́ abẹ náà á yá, ìrora á kéré, torí ẹnikẹ́ni kò gé àjà ẹnu. Tí a bá kó àwọn ìwádìí pọ̀, wọn kì í sábà bo gbòǹgbò tó bí ẹran ara ẹni ṣe ń bò ó, àmọ́ wọ́n dára ju kí wọ́n kàn fa èrìgì sókè lásán lọ fún àwọn kan.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù kò fẹnu kò. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n bá ti yí padà pátápátá kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ mọ́, tàbí pé ìtọ́jú àìsàn ní ìyọ̀ǹda tirẹ̀. Àwọn mìíràn ní nígbà tí ọ̀nà mìíràn tó mọ́ bá wà, ìyọ̀ǹda ti tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Kristẹni kan wà, bí àwọn Adventist, tí kì í fọwọ́ kan ẹlẹ́dẹ̀. Èmi kì í ṣe ààfáà, n kì í ṣe pásítọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó ni ẹnu ló ni ìpinnu. Dókítà tó bá dákẹ́ ti bá a pinnu láìgba àṣẹ.

Ẹ̀jẹ̀ ara ẹni

PRF ni àwọn dókítà ń pè é. Joseph Choukroun, dókítà kan ní Faransé, ló gbé e jáde lọ́dún 2001. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lápá yín, wọ́n á fi sínú ẹ̀rọ tó ń yí i bírí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 12, láìpo oògùn kankan mọ́ ọn. Á dì sí ọ̀nà 3, èyí tó wà láàárín ni wọ́n á mú, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi sábẹ́ èrìgì. Ohun tó ń mú egbò jinná ló kún inú rẹ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún wa nílé níbí: kò nílò páálí tí wọ́n fi dọ́là rà, ara yín ló ti wá, ẹ̀rọ kan péré ló gbà. Àmọ́ kì í pẹ́ yọ́ dànù nínú ara, nítorí náà kì í sọ èrìgì di kíki bí ẹran àjà ẹnu ṣe ń ṣe. Àwọn kan ń lo méjèèjì pọ̀: ẹran àjà ẹnu fún èrìgì, PRF láti fi bo egbò òkè ẹnu kó má dùn jù.

Èwo ló dáa jù?

Lọ́dún 2018, àjọ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kó ìwádìí ìṣègùn jọ kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí kò yani lẹ́nu: oríṣiríṣi ọ̀nà ló ń bo gbòǹgbò, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí gbòǹgbò bò, kí èrìgì líle sì pọ̀ sí i, ẹran abẹ́ awọ àjà ẹnu ṣì ni aṣáájú.

Tèmi rèé. Tó bá jẹ́ eyín kan tàbí méjì, tí àjà ẹnu yín sì nípọn tó, ẹ lo tara yín, ẹ fara da ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Tí eyín bá pọ̀, tàbí tí ẹ kò lè fara da egbò kejì, ẹ wo àwọn tó kù, kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti wá. Tí ẹ kò bá tíì ju búrọ́ọ̀ṣì líle yẹn nù, tí ẹ kò tíì tọ́jú àrùn èrìgì, ẹ fi owó yín sápò ná. Àbùlẹ̀ tuntun lórí ìwà àtijọ́, yíya náà ni yóò tún ya.

Kì í ṣe ojú rere, òfin ni

Mo ti gbọ́ àwíjàre àwọn dókítà. Wọ́n ní èrò pọ̀, àkókò kò sí, àwọn aláìsàn kì í béèrè, ọ̀rọ̀ púpọ̀ sì lè dẹ́rù bà wọ́n. Ó yé mi. Àmọ́ Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé ẹni tó ń tọ́jú èèyàn gbọ́dọ̀ ṣàlàyé oríṣi ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó rẹ̀, títí kan ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́. Ó tún ní kí ó jẹ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tí aláìsàn gbọ́. Ibi tí nǹkan tí wọ́n fẹ́ rán mọ́ mi lẹ́nu ti wá, kí ló tún kù tí à ń pè ní àlàyé tí kì í bá ṣe ìyẹn?

Nítorí náà, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè 5 yìí:

- Ṣé mo nílò àbùlẹ̀ lóòótọ́, àbí ẹ lè máa wò ó ná?
- Kí ló fà á tí èrìgì mi fi ń sá, ṣé a ti tọ́jú ìyẹn?
- Kí lẹ fẹ́ fi ṣe é: ara mi, ara òkú, ẹlẹ́dẹ̀ tàbí màlúù?
- Ṣé ó máa bo gbòǹgbò tán, àbí apá kan ni?
- Èló ni gbogbo ẹ̀, títí kan ìgbà tí mo bá padà wá yọ okùn?

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, mo mọ̀. Àmọ́ kò pọn dandan kó jẹ́ ilé ìwòsàn tí fídíò rẹ̀ rẹwà jù. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà, UCH ní Ìbàdàn àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka eyín. Ẹ béèrè fún dókítà tó kọ́ṣẹ́ èrìgì gan-an.

Tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀ títí wọn yóò fi ní ó yá, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lo omi ìfọẹnu tí wọ́n bá fún yín. Ẹ̀kọ, móínmóín àti ọbẹ̀ tí kò ta ni kí ẹ máa jẹ. Ẹ jìnnà sí sìgá. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fa ètè sílẹ̀ torí ẹ fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp. Bí okùn ṣe ń já nìyẹn.

Àbúrò wa padà lọ o. Ó mú ìbéèrè rẹ̀ dání, ó sì bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà kò bínú. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ níjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wá." Wọ́n yẹ àjà ẹnu rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ẹran tó wà níbẹ̀ tó. Òun náà ló yàn án. Ó ní òkè ẹnu dun òun fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, ó sì bú èmi náà mọ́ ọn. Àmọ́ nígbà tó pè mí kẹ́yìn, omi inú fíríìjì ló ń mu, mo ń gbọ́ yìnyín tó ń dún nínú ife.